Orin Tí Màámi Fi Ń Fọ́ Kòkó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, bí mi ò bá sì sọ ọ́, mi ò ní gbádùn.

Ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, àmọ́ rímíìsì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbé ohùn ẹnikẹ́ni fún mi, màá gbé e sórí bíìtì, á sì bá a mu. Bí olórin bá ń sáré, màá fà á sẹ́yìn. Bó bá ń falẹ̀, màá tì í síwájú. Èmi kọ́ ni mò ń yin ara mi o, àwọn ẹgbẹ́ akọrin tí mo ti bá ṣe é ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Màámi ti kú. Ó máa pé ọdún kan láìpẹ́. Ohùn wọn tó kù lọ́wọ́ mi ò ju ẹyọ kan lọ, orin tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ tí àwọn àti Bàbá mi ń fọ́ kòkó lóko wa ní Orun-Èkìtì, tí mo fi fóónù gbà sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ṣe orin náà. Wọ́n á máa dárúkọ àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tèmi ni pé, "Fọlákẹ́ fẹ́ jẹ uṣu, kò fẹ́ bẹ uṣu." Uṣu là ń pe iṣu nílé wa. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa? Wọn ò parọ́.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mi ò fi lè gbọ́ ọ. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe wúkọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá orin, màá yáa pa á. Àárò ìyá burú. O lè máa ra ata jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ lọ́jà, á kàn gbá ẹ mú níbẹ̀.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń sún mọ́lé, mo ní kí n fi ohùn yẹn ṣe rímíìsì fún Bàbá mi, nítorí àwọn nìkan ló kù sí Orun. Mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Àṣé tẹ́ńpò, ìyẹn bí orin ṣe ń yá sí, máa fún mi níṣẹ́! Màámi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó yá orin ń falẹ̀. Wọ́n á kọ ìlà kan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún máa bá a lọ. Ìdákẹ́jẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Màámi, ẹ̀yin náà ò mọ ìlù o!

Ni mo bá gbé bíìtì tó yá kánkán síbẹ̀. Mo gé gbogbo ibi tí wọ́n dákẹ́ sí, mo so ìlà pọ̀ mọ́ ìlà, mo fa ọ̀rọ̀ gùn níbi tó kéré. Ohun kan ń dún kọ̀, kọ̀, lẹ́yìn ohùn wọn, mo yọ ìyẹn náà dànù. Nígbà tí mo ṣe tán, orin ń lọ geerege. Mo fi ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé àbúrò mi ní Ìbàdàn, ó ní òun jó, òun sì sunkún.

Ni mo bá gbé sípíkà kékeré mi, ó di Orun lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, mo tẹ orin fún wọn. Wọ́n dorí kodò. Nígbà tó tán, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kò dùn ni.

"Ohùn yèyé rẹ ni," ni Bàbá mi wí. "Àmọ́ kò dúró dè mí mọ́."

Kò yé mi. Wọ́n wá ṣàlàyé. Mi ò tíì sọ fún yín pé àìsàn kan ti mú ọwọ́ ọ̀tún Bàbá mi rọ láti ọdún mélòó kan, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń fọ́ kòkó. Èyí tí Màámi á fọ́ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá mi á lù ú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí Màámi bá wá kọ ìlà kan tán, wọ́n á dákẹ́ títí tí kòkó ọwọ́ Bàbá mi á fi là, kí wọ́n tó mú ìlà mìíràn. Bó ṣe ń rẹ Bàbá mi ni orin ń falẹ̀. Bàbá mi ní àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Ojú tì mí. Ṣebí èmi ni mo di fóónù mú lọ́jọ́ náà! Iwájú wọn ni mo jókòó sí. Kọ̀, kọ̀, tí mo yọ dànù bí ìdọ̀tí yẹn, ọwọ́ Bàbá mi ni.

Mo dúpẹ́ pé ojúlówó rẹ̀ ṣì wà nínú fóónù. Mo ní kí Bàbá mi jẹ́ ká tún un ṣe. Wọ́n wọlé lọ mú kùmọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́ kòkó wá. Mo tẹ ohùn Màámi bó ṣe wà, Bàbá mi ń fi kùmọ̀ lu bẹ́ǹṣì, mo sì ń gbà á sílẹ̀. Bí Màámi bá dákẹ́, Bàbá mi á lù ú, Màámi á sì wọlé. Kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo ní Màámi ò mọ ìlù!

Orin tán. Bàbá mi tún lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n ń retí. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú fóónù mọ́, síbẹ̀ èmi náà ń retí.

Káyọ̀dé ní eléyìí kò ṣeé jó. Mo ní kó máa jó ti àkọ́kọ́. Eléyìí la máa gbọ́ lọ́jọ́ ìrántí, tòun ti ìlù ìkẹyìn yẹn, nítorí Bàbá mi ní kí n má gé e.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n tó tún ohùn ẹnikẹ́ni ṣe mọ́, màá kọ́kọ́ bi ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀yin ńkọ́? Ohùn ta ló wà nínú fóónù yín tí ẹ ò lè tẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Bó bá sì pẹ́ kí ẹ tó lè sọ ọ́, ẹ má ṣèyọnu, màá dúró dè yín.