Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jáde

Ọdún kan péré ni èmi àti ìbejì mi fi jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní pọ́lì Èrúwà. Kọ̀ǹpútà ò tó wa nígbà náà. Orí ìwé la ti ń kọ ètò tó ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́, olùkọ́ á sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé kò lè ṣiṣẹ́. Bó bá kan àwa méjèèjì, a ó há ara wa sórí àga kan, èmi á máa ka ètò náà jáde, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀ la ń wọ ọkọ̀ láti Ìgbó-Ọrà, a ó sì máa jiyàn títí ọkọ̀ á fi dúró. Mo gbádùn ọdún yẹn ju bí mo ṣe mọ̀ nígbà náà lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun Bàbá wa tí wọn ò lè dá lọ sóko mọ́, wọ́n pè wá, wọ́n ní ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ dúró ti àwọn àti ẹ̀gẹ́ wọn. Wọn ò fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n máa kàwé lọ, kí àbúrò dúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa, àmọ́ ta ni kò mọ̀ nílùú wa pé ẹni tó bọ̀ kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n? Òun ló rán èkejì rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Mo dúró. Ìbejì mi di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílùú òyìnbó, èmi sì mọ ẹ̀gẹ́ dunjú. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí, mi ò sì lè búra pé ó ti tán.

Lọ́dún tó kọjá, ó fi laptọ́ọ̀pù kan ránṣẹ́ sí mi. Linux ni wọ́n ń pe ètò tó ń darí rẹ̀, ojú dúdú kan báyìí, tí ìlà kékeré ń ṣẹ́jú sí mi. Ó béèrè páásíwọọ̀dù. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀, mo fi ìbínú gbá a, mo ní òkú ẹ̀rọ ni wọ́n tà fún ìbejì mi. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ló sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe, kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tó ń tẹ̀. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà ní mi ò láṣẹ láti ṣí fáìlì kan. Ẹ̀rọ mi, lórí tábìlì mi! Mo pa á dé, mo gba oko lọ. Lọ́jọ́ kejì mo tún ti wà nídìí rẹ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín bí ìgbà tá a há sórí àga kan.

Ìbejì mi ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Èyí tí mo kàn ní kí n kọ ètò tí yóò to àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Mo fi àwa ọmọ Bàbá wa mẹ́rin sí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí wa. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ṣiṣẹ́. Èmi ló wà lókè pátápátá, ìbejì mi tẹ̀ lé mi.

Mo wò ó títí. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó rán ẹnì kan wáyé, aago ló mọ̀. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni Bàbá bi léèrè, èmi ni ǹ bá máa kàwé lọ. Omi bọ́ lójú mi, inú sì bí mi pé ó bọ́.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìbejì mi, mo ní mo ti rí àṣìṣe ibẹ̀, mo máa tún un ṣe kí ẹ̀gbọ́n lè wà níwájú. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

Ó ní, "Má tún un ṣe. Bàbá mọ̀ pé orí rẹ pé ju tèmi lọ. Wọ́n bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá kí ìwọ máa kàwé lọ. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n."

Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní rárá. Mo ní kó lọ jẹun ná, kó padà wá kọ́ mi ní èyí tó kàn.