Ẹni Tí Wọ́n Bá Yin Ẹ̀rín Rẹ̀ Nínú Ìwé

Bí Àrínọlá bá rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, adìẹ tó sàba ní ẹ̀yìnkùlé mi á dìde kúrò lórí ẹyin láti wò ó bóyá ó ti pa. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti fojú mi rí i. Àwọn ará ilé mi ní ẹ̀ẹ̀kan ni, ṣùgbọ́n wọn kò sí níbẹ̀.

Èmi ni mo ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní Okokomaiko. Ọmọ Ṣakí ni Àrínọlá. Ọkọ rẹ̀, Àlàbá, ń jórin ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Àrínọlá ní tirẹ̀ ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìkéde òkú, ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí òun náà ń lọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti jókòó sójú fèrèsé kan náà, tí ètè rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ìka rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà á nínú àwọn oníbàárà rẹ̀: Ṣọlágbadé, ará Ìbà Housing Estate, tó ń kọ ìwé ìtàn abanilẹ́rù. Bírò ló fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé bí ọmọ ilé-ìwé. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé orí kan wá. Ìwé mẹ́sàn-án ni Àrínọlá ti bá a tẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jà du wọ́n.

“Bàbá,” ni Àrínọlá sọ fún mi lọ́jọ́ kan, tó ń bó ẹ̀pà sísè jẹ, “mo ti mọ gbogbo ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Ìlú kékeré kan á wà. Gbogbo àgbà ibẹ̀ mọ ohun tó wà nínú kànga, wọ́n á sì panu mọ́. Ọmọdé ló máa kọ́kọ́ rí i, wọn ò ní gbà á gbọ́. Nǹkan ilé lásán, àga tàbí ìgbálẹ̀, tó bá ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ yáa sá. Òǹkọ̀wé kan tó ń tiro kò sì ní ṣàìsí níbẹ̀.”

“Kí ló dé tó fi ń tiro?”

“Ṣé ẹ ò rí ẹsẹ̀ Ṣọlágbadé fúnra rẹ̀ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, adìẹ dìde. Lẹ́yìn náà lojú rẹ̀ yí padà. “Èyí tó burú jù ni pé ó máa ń jẹ́ ká fẹ́ràn ẹni tó fẹ́ pa. Á yin ẹ̀rín rẹ̀. Á sọ oúnjẹ tó fẹ́ràn. Tó bá ti ṣe méjèèjì, ẹni yẹn ò ní la orí kejìlá kọjá. Ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni, kò yẹ̀ rí.”

Nínú òjò oṣù kẹfà, orí kẹjọ ìwé tuntun dé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀wé kẹ́kẹ́kẹ́, àfi bó ṣe dákẹ́.

“Bàbá, ẹ wá.”

Ó kà á fún mi. Obìnrin kan wà nínú ìwé náà, Àríkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ń bá èèyàn tẹ ìwé. Ẹ̀pà sísè ló fẹ́ràn. Ẹ̀rín rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò tuntun. Àpá áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ òsì.

Àrínọlá fa apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá nìyẹn. “Aṣọ alápá gígùn ni mò ń wọ̀ látìgbà tí mo ti dé Èkó. Àlàbá mọ̀, ẹ̀yin mọ̀. Ta ló sọ fún un?”

Mo ní, “Ayé le o.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, èmi ni mo sọ fún un. Bí Ṣọlágbadé bá ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń jókòó sí láti gbọ́ ìtàn, èmi náà ò sì lè fún àlejò ní ìtàn tí kò níyọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ní orí kẹsàn-án, Àríkẹ́ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Àrínọlá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tèmi, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Orí kẹwàá sọ̀rọ̀ àga kan tó ń dún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dárúkọ rẹ̀. Àrínọlá gbé àga tirẹ̀ síta, ó ń dúró tẹ̀wé. Orí kọkànlá parí báyìí pé: Àríkẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé òun ò tún ní ṣí i mọ́.

Mo ní kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

“Kí wọ́n lọ pa mí níbòmíì, kí n má mọ̀? Ọwọ́ ara mi ló ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ara rẹ̀, ta ló máa bá a pa á rẹ́?”

Àlàbá ní ìtàn lásán ni. Àrínọlá ní bó bá jẹ́ lásán, kí wọ́n fi orúkọ Àlàbá sí i. Àlàbá gba ibi iṣẹ́ lọ. Adìẹ pàápàá jókòó gẹlẹtẹ lórí ẹyin bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ọjọ́bọ̀ orí kejìlá pé. Oòrùn ọ̀sán mú bí iná. Ṣọlágbadé tiro wọlé, ó gbé ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ lélẹ̀. Àrínọlá ò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ mú un padà, ọ̀gá mi.”

“Kí ló dé?”

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ṣọlágbadé wo àpá náà, ó wo ẹ̀pà tó wà lórí tábìlì, ó wá kọjú sí mi. “Bàbá! Ẹ̀yin lẹ sọ pé obìnrin yẹn ti kú!”

Àrínọlá náà yíjú sí mi.

“Ẹ ní Ìjanikin ló gbé. Ẹ ní ó ti lé lógún ọdún tó ti lọ, pé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ sunkún!”

Òótọ́ ni, mo sunkún. Mi ò fẹ́ kí Ṣọlágbadé mọ̀ pé ayálégbé mi ni mò ń sọ, ni mo bá gbé e lọ sí Ìjanikin. Ìtàn náà dùn dé ibì kan, kò níparí, ni mo bá pa á.

“Bàbá,” ohùn Àrínọlá lọ sílẹ̀, “ẹ̀yin lẹ pa mí?”

“Òkú ẹ̀yẹ ni mo ṣe fún ọ. Gbogbo Ìjanikin ló jáde.”

“Bàbá!”

Mo ṣí fìlà. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ba débi tí ìbàdí mi gbà mí láyè. “Má bínú. Irọ́ ni mo pa. Obìnrin náà wà láàyè, ó ń tẹ̀wé, á sì dàgbà jù mí lọ.”

Àrínọlá jáde, ó gbé àga rẹ̀ wọlé, ó nù ún, ó jókòó sí i. Ó ka orí kejìlá tán, ètè rẹ̀ ò mira.

“Àríkẹ́ á ṣílẹ̀kùn,” ló wí.

“Orí kejìlá láìsí òkú?” Ṣọlágbadé ní. “Kí làwọn tó ń ka ìwé mi máa sọ?”

“Òkú á wà. Ṣé kò sí bàbá arúgbó kan ní ìlú yẹn, tó mọ ohun tó wà nínú kànga, tó ń fi irọ́ bò ó?”

Ṣọlágbadé wò mí látòkè délẹ̀, ó fa bírò yọ.

Àrínọlá ti gbé ìka lé kọ̀ǹpútà. “Bàbá, oúnjẹ wo lẹ fẹ́ràn jù?”

Mo fọwọ́ bo ẹnu mi. Ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó ti sọnù láti bí oṣù kan. Adìẹ dìde.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń jẹ ẹ̀wà mi, bí mo bá sì gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro, mo máa ń fi ìdérí bo abọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rín mi dùn, mo máa ń sọ fún un pé ikọ́ ni.