Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Tí Mo Fi Wọn Bóòtù Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Mi

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irin kékeré tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lè ba èèyàn lẹ́rù ju ejò lọ. Ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mi yọ lójú títì Ìlúpéjú, mo rí i tó ń yí lọ níwájú mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, kí ọkọ̀ tó fi àyà wọ́lẹ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Èmi nìkan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò gààrí mẹ́ta. Egungun èjìká mi kán. Ọlọ́run ló yọ mí.

Wọ́n tún ara ọkọ̀ náà ṣe, wọ́n sì gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkọ̀lé. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ ra gààrí ní ọjà Ayébòdé. Ọkọ mi kò bá mi jà. Ó kàn sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé:

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹnì kan fẹ́ wá wo ọkọ̀ yẹn ní Sátidé. Bí o ò bá ní í wà á mọ́, jẹ́ ká tà á."

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn. Nínú àwa obìnrin tó ń ra gààrí lọ́jà náà, èmi nìkan ni mo ń wa ọkọ̀ ara mi. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n tà á, ẹ̀rù ti borí mi nìyẹn, mi ò sì ní í wa ọkọ̀ mọ́ láé.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mẹkáníìkì mi kò de àwọn bóòtù, irin tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, le tó. Èmi kò gbà. Ojú mi ló ṣe nígbà tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun orí sípánà. Kí ló wá yàtọ̀? Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí: ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo pààrọ̀ ríìmù onírin mi sí ríìmù tòkunbọ̀ tó ń dán, èyí tó nípọn gan-an. Bóòtù àtijọ́ la fi dè é.

Ní àárọ̀ Fráídè, mo gbé àpótí sẹ́yìn ilé, mo jókòó. Mo gbé ríìmù onírin kan kalẹ̀, mo gbé tòkunbọ̀ kan tì í, mo mú bóòtù kan dání. Mo ki bóòtù náà bọ ojú ihò ríìmù onírin, mo sì wo bó ṣe yọ sí lẹ́yìn. Ó yọ dé oríkèé kejì ìka mi. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi wọn ibi tó yọ náà, mo ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ki bóòtù kan náà bọ ihò ríìmù tòkunbọ̀. Ohun tó yọ lẹ́yìn kò ju èékánná lọ!

Ibi tó yọ yẹn ló ń wọ inú ọkọ̀ lọ di ẹsẹ̀ mú. Èékánná ni mo gbé ẹ̀mí mi lé.

Mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ mi, mo kó àwọn ríìmù tòkunbọ̀ tí mo ti náwó lé sínú ọkọ̀, mo ní kí mẹkáníìkì náà wá bá mi wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí ríìmù onírin. Awakọ̀ takisí kan jókòó síbẹ̀ lórí táyà.

"Mọ́mì, ìgbálẹ̀ rèé? Ṣé ẹ fẹ́ gbá ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Tí mo bá gbá a, ìwọ ni màá kọ́kọ́ gbá dànù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì gbé agolo kan jáde tó kún fún bóòtù tí wọ́n tú lára onírúurú ọkọ̀. Bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn á tọwọ́ bọ agolo, wọn á dán an wò.

"Mọ́mì, bóòtù tó bá ti wọlé, ó bá a mu. Uṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré nìyí."

"Ọ̀gá, ti ọjọ́ yẹn náà wọlé."

Ó tún tọwọ́ bọ agolo. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo èyí tó gùn jù, kó tán síbẹ̀."

Mo ki í bọ ihò ríìmù tòkunbọ̀, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọ̀n ọ́n, ibi tó yọ lẹ́yìn gùn jù ú lọ gan-an. Mo kọ̀, ṣùgbọ́n ó dè é láti fi hàn mí. Ó fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ó yí díẹ̀, ó sọ pé kau, ó dúró gbagidi. Bóòtù ti lọ gbá nǹkan nínú lọ́hùn-ún.

Awakọ̀ takisí pariwo: "Egungun ti há a lọ́fun!"

Mẹkáníìkì tú u. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. A jọ gbé ríìmù tòkunbọ̀ kan kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní òdìkejì títì, a sì ń wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan títí a fi rí èyí tó ṣe déédéé, tí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ sì rí roboto bí ojú ihò ríìmù mi. Ọwọ́ lásán ló kọ́kọ́ fi yí wọn wọlé, èmi ń kà á sókè. Ti àtijọ́, nígbà tí a dán an wò lórí tòkunbọ̀, kò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kó tó dúró. Èyí yí ní ẹ̀ẹ̀meje! Nígbà tó fi máa kan ẹsẹ̀ kẹrin, awakọ̀ takisí náà ti ń bá mi kà á. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yí wìrìwìrì láìkan nǹkan kan.

"Mọ́mì," mẹkáníìkì ní, "ẹ fi ìgbálẹ̀ yìí sílẹ̀ fún mi."

Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà délé. Mo fun fèrè láti ìta. Ọkọ mi jáde, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó wo ojú mi, ó fa fóònù yọ, ó pe ẹni tó fẹ́ wá wo ọkọ̀ náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ́la mọ́. A ò tà á mọ́."

Ní Sátidé, mo gba ọ̀nà Ayébòdé. Nígbà tí mo rìn díẹ̀, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo mú sípánà, mo fi yí bóòtù kọ̀ọ̀kan wò. Ọlọ́kadà kan rọra dúró.

"Ìyá, ṣé táyà jò ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń kí wọn ni."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó lọ. Kò sí ìkankan tó mira nínú wọn. Mo nu ọwọ́ mi, mo wọlé, mo sì já ọlọ́kadà náà sílẹ̀ kó tó dé orí òkè.