Ìlérí Tí Lutfi Gbà Gbọ́

Ọjọ́ pẹ́ tí Lutfi, onígbàjámọ̀ kan ní Alẹkisándíríà, ti ń gbèjà àwọn tó ṣe géèmù tó fẹ́ràn jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní apá kejì rẹ̀ kò ní jáde, á ní, "Ẹ ní sùúrù, wọ́n ti ṣèlérí."

Lọ́jọ́ ìkéde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń mu tíì. Apá kejì dé lóòótọ́, àmọ́ orí fóònù nìkan ni wọ́n ṣe é sí, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn ti ń ta apá kìn-ín-ní.

Basyuni, ọ̀kan lára àwọn ọ̀rẹ́ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Lutfi, ohun tó o ní ká máa retí nìyí?"

"Ẹ̀yin ò kúkú gbà wọ́n gbọ́," Lutfi fèsì. "Èmi tí mo gbà wọ́n gbọ́ ni wọ́n dà."

Ó já àwòrán akọni géèmù náà tó lẹ̀ mọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù kúrò, ó sì ní kí Basyuni wá jókòó kó gẹrun.