Orogún Mi Tó Ń Wúkọ́ Nínú Gáréèjì

Mo ní orogún kan. Irin ni wọ́n fi ṣe é. Kí n tó wọlé ọkọ ló ti wà níbẹ̀, nítorí náà ìyálé mi ni, mo sì ti bá a jà títí ó fi rẹ̀ mí. Mọ́tò àtijọ́ aláwọ̀ ewé ni, tó ní iná rogodo méjì níwájú bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì. Gáréèjì tó fara ti ilé ìdáná wa ló ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti òun. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ tí ọkọ mi ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi tí mo bímọ fún un, igbe ló ń ké mọ́ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé ohùn òun ròkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́ fún yín. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, òun ló ń to àwọn lẹ́tà kéékèèké olójé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Bàbá Lẹ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù nígbà náà. Òdì ni wọ́n máa ń to lẹ́tà olójé. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí ọwọ́ òsì, kó lè jáde bó ṣe yẹ lórí ìwé. Ọkọ mi lè ka odidi ojú ìwé kan lódì kí ẹ̀yin tó kà á dé ìdajì bó ṣe tọ́.

Ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣiṣẹ́, mo wà lára àwọn obìnrin tó ń ká ìwé tó sì ń rán an pọ̀. Nítorí pé ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ ni wá, “ìwọ” ni mo máa ń pè é. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí mo pè é ní “ẹ̀yin”, ẹ tètè kúrò nítòsí, inú ló ń bí mi.

Ariwo ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹnì kan ò lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí, nítorí náà ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Bí a bá na ìka sókè tí a ń yí i, ó túmọ̀ sí pé máa ṣe é lọ. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń lọ sílẹ̀, dín in kù. Bí a bá di ìkúùkù, dúró síbẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ mi ṣe sọ fún mi pé òun fẹ́ràn mi: ó gbé ọwọ́ lé àyà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ńlá, mo rò pé àyà ló ń dùn ún, mo sáré lọ bu omi wá. Bàbá kan tún wà tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà, tí etí lásán kò ṣiṣẹ́ fún mọ́. Igi kan ló máa ń gbé dání. Á fi orí kan kan ara ẹ̀rọ, á fi orí kejì kan eegun ẹ̀yìn etí rẹ̀, á sì mọ ibi tí nǹkan ti ń dun ẹ̀rọ náà. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ariwo yẹn ló ba etí ọkọ mi jẹ́. Ìgbà tó yá, mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Dókítà ní etí náà á máa dí lọ ni, pé kò sóhun tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí, ó ní ó ń súfèé nínú orí òun, ó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Màmá wọn,” ló wí, “mo fẹ́ gbọ́ ohùn mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí mi tó dí pátápátá.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní parọ́. Mo mọ ohùn tó ń wí. Nígbà tí a ń fẹ́ra, láti ìkángun àdúgbò wa ni mo ti máa ń gbọ́ mọ́tò yẹn, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì dọ́gba. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi, mo ti fi pọ́ńdà, mo ti tún irun ṣe, mo wá jókòó bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àkọ́bí wa ń kọ́ ìrìn ni ẹ́ńjìnnì náà kú, a sì da tapólì bò ó láti ìgbà náà.

Ni ọkọ mi bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ gbà mí! Písítìnnì wà lórí tábìlì ìjẹun mi. Àwọn nọ́ọ̀tì wà nínú agolo bisikíìtì mi. Mo ṣí fìríìjì lọ́jọ́ kan, mo bá irin róbótó kan níbẹ̀, ó ní òtútù á mú kó sún kì díẹ̀ kí òun tó gbá a wọ àyè rẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ họ, ó kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó kù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fọ̀ wọ́n, tó nù wọ́n, tó sì tò wọ́n padà. Orogún mi ni o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ mi mọ́ tónítóní.

Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Ohunkóhun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé, òdì ló máa ń ṣiṣẹ́. Iná ilé ìdáná, o ní láti tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ pa á kó tó tàn. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa, o máa yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ tì í ni kó tó ṣí. Àlejò tó há síbẹ̀ ti kúrò ní kékeré. Àwa ti mọ́ ọn lára, a ò tiẹ̀ ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì padà sínú mọ́tò, àkọ́bí wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá láti wo bí yóò ṣe dún. Ọkọ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Ó da epo sí i, ó so bátìrì, ó wo ojú mi, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì yí. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló dún gbàù! Iná yọ lẹ́nu kabúrétọ̀, èéfín dúdú gba gáréèjì, ó sì ń gòkè lọ sí ibi tí obìnrin tó ń gbé lókè wa sá aṣọ ibùsùn funfun sí.

“Ṣé ogun ti dé ni?” ni obìnrin náà kígbe láti ojú fèrèsé.

“Orogún mi ló ń wúkọ́!” ni mo fi dá a lóhùn. “Ẹ máa bínú, ẹ kó aṣọ yín!”

Ọkọ mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Gbàù! Ó tú ibi tí epo ń gbà kọjá, ó fẹ́ ẹ mọ́. Gbàù! Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, irun ojú rẹ̀ apá kan ti jó, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ wa lọ pe mẹkáníìkì orí ìkóríta. Ìyẹn kàn wò ó fìrí, ó mi orí, ó ní àfi kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà tú látòkè délẹ̀. Ọkọ mi tí kì í gbọ́ bí mo bá ní kó wá jẹun, ó gbọ́ ìyẹn kedere.

Ó nu ọwọ́, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, “Ó ti tó. Ẹ pe àwọn tó ń ra irin àtijọ́ kí wọ́n wá gbé e. Èyí tí mo ti gbọ́ náà ni mo gbọ́ yẹn.”

Ẹ wò ó, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n wá gbé ìyálé mi yìí lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe jókòó yẹn, tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, kò dùn mọ́ mi rárá. Inú bí mi.

“Ẹ̀yin!” ni mo wí. “Ẹ̀yin Bàbá Lẹ́tà, ẹ gbọ́ mi dáadáa o!”

Ọmọ wa gbọ́ “ẹ̀yin” báyìí, kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó sá wọ inú balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ tẹnu mi tán. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ní láti gbóná, àti pé mi ò fi tábìlì ìjẹun mi sílẹ̀ fún písítìnnì kí ó lè wá sọ pé ó ti tó. Mi ò mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ gbọ́. Ibẹ̀ la wà tí ọmọ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn.

“Màmá! Ilẹ̀kùn yín yìí ò ṣí o!”

“Yí i bí ẹni fẹ́ tì í!” ni mo kígbe padà. “Ṣé o ti gbàgbé ilé yín ni? Bàbá ẹ ló ṣe é, gbogbo ohun tí bàbá ẹ bá ti fọwọ́ tò, òdì ló máa ń...”

Mo wo mọ́tò. Mo wo ọkọ mi.

Ìdérí kan wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn tí wáyà mẹ́rin ti ń jáde lọ bá púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ọwọ́ kékeré kan ń yí nínú rẹ̀, òun ló ń pín iná fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọkọ mi fi ń kún mi létí nígbàkígbà tí a bá ń jẹun. Mo fà á lọ́wọ́ dìde, mo na ìka sí ìdérí náà.

“Apá ibo lọwọ́ inú ẹ̀ ń yí sí?”

Ó ṣí i, ó ní kí n bá òun yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Apá ọ̀tún ni.

“Apá ibo lo to àwọn wáyà yìí gbà?”

Ó fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíní. Ìkẹta, torí òun ni iná máa ń kàn lẹ́yìn ìkíní. Apá òsì ni ìka rẹ̀ ń lọ. Ó dúró. Ó wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

“Háà,” ló wí. “Mo tò wọ́n bí ẹni ń to lẹ́tà.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di ara mọ́tò mú. Wáyà ìkíní àti ìkẹrin wà níbi tó yẹ wọ́n, ìkejì àti ìkẹta ló gba ipò ara wọn. Kò ju kó yọ méjì kó sì pààrọ̀ wọn lọ. Ó wọ mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, orogún mi sì jí! Ọmọ wa ti jáde ní balùwẹ̀, ó ń ráhùn pé òun ì bá kú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

“Ó dáa! Ó dáa!” ni ọkọ mi ń kígbe, ó ń lu ara mọ́tò.

Kò dáa. Èmi gbọ́ ọ. Ó ń tiro, ó ń sáré, ó ń fẹ́ kú, ó tún ń sáré. Mo lè dákẹ́ o. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì lè gbọ́ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyẹn, bí mo bá sì tan án lórí èyí, kí ni mo tún fẹ́ sọ fún un tí yóò gbà gbọ́? Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo sọ fún un pé ó ń tiro.

Ojú rẹ̀ fà ro. “Etí ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn,” ló wí. “Mi ò ní in mọ́.”

Mo bá lọ dúró níwájú mọ́tò, níbi tó ti lè rí mi dáadáa. Mo na ìka mi sókè, mo ń yí i.

Ó wò mí. Ó pẹ́ gan-an tí a ti lo ọwọ́ yẹn kẹ́yìn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ba sórí ẹ́ńjìnnì, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ìdérí náà, ó sì rọra ń yí i. Ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè. Mo ń yí ìka lọ. Ó ti fẹ́ pọ̀jù, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wálẹ̀. Ó dá a padà díẹ̀. Mo di ìkúùkù. Ó mú sukudíráfà gígùn, ó bọ́ sórí kabúrétọ̀: ìka, àtẹ́lẹwọ́, ìka, ìka, àtẹ́lẹwọ́. Ó ti gbọ́n ju bí mo ṣe rántí lọ, tàbí èmi ni mo ti gbọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtiro náà ń lọ, títí ohùn yẹn fi dé, èyí tó jinlẹ̀, tó sì dọ́gba. Orí mi wú. Mo di ìkúùkù méjèèjì, mo gbé wọn sókè.

“Ó ń dún?” ló bi mí.

“Ó ń dún!”

“Bíi ti ìgbà yẹn?”

“Bíi ti ìgbà yẹn gẹ́lẹ́!”

Ó mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. “Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Etí mi ni kò mọ̀ ọ́n. Ariwo lásán ni mò ń gbọ́.”

Ẹkún gbọ̀n mí. Ìgbà yẹn ni mo rí sukudíráfà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rántí bàbá onígi tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Mo gbà á. Mo fi ẹnu irin rẹ̀ kan orí ẹ́ńjìnnì, mo fa orí ọkọ mi wálẹ̀, mo sì fi èèkù igi rẹ̀ tì í lẹ́yìn etí, níbi eegun.

Ó fẹ́ bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Ojú rẹ̀ là, lẹ́yìn náà ó dì í. Ọmọ wa wá dì mí mú lápá. Omi ń ṣàn lójú ọkọ mi, ó ń fa ìlà funfun sínú èéfín tó kun ojú rẹ̀, kò sì gbé orí kúrò.

“Màmá wọn!” ló ké nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. “Màmá wọn, lọ fi pọ́ńdà! Mo ti dé ìkángun àdúgbò yín!”

Èmi àgbàlagbà yìí, mo sáré wọlé lọ wá pọ́ńdà. Nígbà tí mo jáde, ọmọ wa ti lọ jókòó sí àga iwájú nínú mọ́tò. Mo ní kó dìde kó bọ́ sẹ́yìn, iwájú ni mo máa ń jókòó.