Ọjọ́ Tí Tíṣà Sáyẹ́ǹsì Kẹ́yìn sí Gábàsì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, omi ni iṣẹ́ tèmi láàárọ̀. Búùtà méjìlá ni mo máa ń rọ omi sí, àwọn kẹ́tùrù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa. Bàbá tó bí bàbá mi ni ládánì ibẹ̀, àwọn ló ń pe ìrun. Bàbá Àgbà là ń pè wọ́n. Tí mo bá rọmi tán, màá sáré wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, màá bá ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́ta níbi tí ìyá mi gbé e sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àkàrà ìgbà yẹn, èyí tí wọ́n ń fi ìwé ìròyìn wé, tí íńkì á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìròyìn tí a ò kà, a jẹ ẹ́.

Ọ̀sán la máa ń lọ sílé ìwé, nítorí pé àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá ìkàwé lọ. Àwọn kan á lọ láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde, àwa á wọlé, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ìdí àwọn ará àárọ̀ ṣì mú gbóná. Kí a tó kúrò nílé, a ti ṣe tẹ̀ǹtẹ́, a ti fo súwè lójúde títí ìbọ̀sẹ̀ funfun fi di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, orí òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò kúnlẹ̀ sí, yóò káwọ́ sókè, oòrùn á sì máa wò ó lójú kòró. Orúnkún mi mọ àwọn òkúta yẹn bí ẹni mowó.

Mísísì Pẹ́dúrò ló ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ Pópó Àgùdà ni wọ́n, láti ìdílé tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì dé. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni wọ́n ń lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ọmọ onímọ̀le ló pọ̀ jù nínú kíláàsì wọn. Wọ́n ga, wọn kì í rẹ́rìn-ín lásán, góńgó imú ni awò ojú wọn sì máa ń wà. Àmọ́ ohun ìyanu ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n bu omi kún ife, wọ́n fi páálí bo ẹnu ife náà, wọ́n dorí ẹ̀ kodò, omi ò dà. Gbogbo wa gorí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n da lẹ́búlẹ́bú irin sórí ìwé, wọ́n ń fa mágínẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìwé náà, irin sì ń rìn lọ rìn bọ̀ bí èèrà tó rí ṣúgà. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mò ń rò ó pé ta ló ń pe irin.

Ìyanu yìí gan-an ló kó bá mi. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń da ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ, èmi ṣì ń wo ife. Bí ìdánwò bá dé, mi ò ní nóòtì tí màá kà. Mo fìdí rẹmi ní táàmù kìíní, mo tún fìdí rẹmi ní ìkejì. Bàbá mi, tí wọ́n ń ta bàtà, kì í na ọmọ, wọn kì í sì í pariwo. Wọ́n kàn sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé bí mo bá lè tún kíláàsì kejì kà, kí n má wulẹ̀ pa dà síbẹ̀ mọ́; àwọn á mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan tó ń rán báàgì. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo gbọ́dọ̀ gbà nínú tẹ́ẹ̀sì sáyẹ́ǹsì tó gbẹ̀yìn ọdún, kí wọ́n tó lè gbé mi lọ sí kíláàsì kẹta.

Ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì náà pé, Mísísì Pẹ́dúrò kọ ìbéèrè mẹ́wàá sójú bọ́ọ̀dù. Àwọn kan yé mi, àwọn kan ṣókùnkùn sí mi. Ìgbà tí mo dé ìbéèrè keje, inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín síta. Wọ́n ní apá ibo lójú ọ̀run la ti máa ń kọ́kọ́ rí oṣù tuntun, ìgbà wo sì ni. Ọ̀rọ̀ ilé wa nìyẹn! Ojú Bàbá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, èmi sì ni wọ́n fi ń ṣe ojú. Bí oṣù bá ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n á mú mi gun òkè mọ́ṣáláṣí nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi: "Kẹ́yìn sí gábàsì, Báṣírá. Ibi tí a ń kọjú sí kírun kọ́ loṣù ń gbà yọ sí wa." Màá wá kẹ́yìn sí gábàsì, ìyẹn ìlà oòrùn, màá kọjú sí ọ̀sà, lápá Ìjọra níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí i. Nítorí náà mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ìwọ̀ oòrùn ni, bí oòrùn bá ti wọ̀ tán.

Nígbà tí wọ́n pín ìwé wa pa dà, mo gba mẹ́rin. Wọ́n fi bírò pupa fa igi lé ìbéèrè keje lórí. Mo yọjú wo ìwé ẹnì kejì mi, mo wo ti ẹni ẹ̀yìn. Ìlà oòrùn ni gbogbo wọn kọ, wọ́n sì gbà á. Ràmọ́tà pàápàá, ọmọ àáfà tó ń kọ́ wa ní kéwú, ìlà oòrùn lòun náà kọ. Mi ò bá wọn wí. Lọ́dọ̀ tiwa, gábàsì ni ohun rere gbogbo wà. Ibẹ̀ là ń kọjú sí kírun, ibẹ̀ là ń kọjú àgbò sí lọ́jọ́ Iléyá, ibẹ̀ là ń kọjú òkú sí nínú sàréè. Ta ni yóò wá rò pé ẹ̀yìn wa ni oṣù ààwẹ̀ máa ń gbà dé?

Ẹ ò kúkú ṣàìmọ̀ pé ọmọdé ìgbà yẹn kì í bá tíṣà jiyàn. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Ó ní láti jẹ́ báàgì tí wọ́n fẹ́ kí n lọ máa rán ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà séfùn mi," mo ní.

"Kí ló ṣe é?"

"Ibi tí mo kọ yẹn ni mo ti máa ń rí i, mà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mísísì Pẹ́dúrò ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ọsàn kan nínú báàgì wọn, wọ́n ń yí i níwájú wa, wọ́n ṣàlàyé pé apá ìlà oòrùn ni ayé ń yí sí, ìdí nìyẹn tí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ fi ń ti ìlà oòrùn yọ. Àlàyé náà dán mọ́rán. Mo ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀.

"Mo rí i mà. Oṣooṣù ni mo máa ń rí i."

Wọ́n wá béèrè pé, "Oṣù tó ń bọ̀ ku ọjọ́ mélòó?"

"Ọ̀túnla ni oṣù tá a wà yìí máa pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mà."

"Kò burú. Ọ̀túnla, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé tí a bá ṣíwọ́. Gbogbo wa la máa gòkè lọ wò ó. Àmọ́ Báṣírá, tí kì í bá ṣe bó o ṣe wí, mẹ́rin ẹ yẹn lo máa gbé lọ sílé o."

Mo sọ fún Bàbá Àgbà. Wọ́n ní kí n má ṣe mikàn, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé oṣù kì í jẹ́pè ẹnikẹ́ni, pé bí a ò bá rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a máa dúró dọjọ́ kejì. Ẹ rántí pé táàmù kẹta bọ́ sí àsìkò òjò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo wa tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé ìwé tó kọjú sí ọ̀sà, ìkùukùu ti bo ojú sánmà pátápátá. A jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà tán, ilẹ̀ ṣú, a ò rí nǹkan kan. Ràmọ́tà fi mí kọrin títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Mo délé, mo jókòó ti ẹ̀bà. Bàbá mi béèrè bí tẹ́ẹ̀sì ṣe lọ, mo ní tíṣà ò tíì parí ẹ̀. Irọ́ kọ́, àmọ́ ó rí bí irọ́ lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, a ò tó ìdajì mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá Àgbà wá. Wọ́n ní kí igbákejì wọn bá wọn pe ìrun mágàríbì, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe rí, bí kò bá ṣe àìsàn. Mísísì Pẹ́dúrò kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà." Bàbá Àgbà dá wọn lóhùn pé, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, tíṣà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ tọmọdé." Lẹ́yìn náà wọ́n na ọ̀pá wọn sí apá kan, wọ́n ní, "Gábàsì rèé. Ẹ kẹ́yìn sí i." Gbogbo wa yí pa dà. Mísísì Pẹ́dúrò, ọmọ ìjọ Àgùdà, bá wa yí pa dà.

Oòrùn wọ̀ lẹ́yìn Ìjọra. Omi ọ̀sà pọ́n, ó wá di eérú. Ìpèrun bẹ̀rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí kan sí èkejì, títí tó fi dà bí ẹni pé gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń dáhùn ara wọn. Ìkùukùu ṣì wà níbẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ Mísísì Pẹ́dúrò níbi tí wọ́n ti di ìwé máàkì mú. Ni ìkùukùu bá là díẹ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ figbe ta ni Ràmọ́tà.

"Oṣù lé o! Ẹ wò ó! Oṣù lé o!"

Ó tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọnù, ó sì ń dán. Mo ti rí i ní àìmọye ìgbà lókè mọ́ṣáláṣí, àmọ́ èyí bù mí láyà, nítorí pé mo bẹ̀bẹ̀ fún un kó tó wá. Bàbá Àgbà bi mí pé, "Ó wà níbẹ̀?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá." Wọ́n ṣí ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ṣe àdúà.

Mísísì Pẹ́dúrò yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó ti wà lókè látàárọ̀."

Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní òótọ́ ni pé ìlà oòrùn ló ti yọ, àmọ́ òwúrọ̀ ló yọ, òun àti oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó ti gba orí wa kọjá láti òwúrọ̀. Ìgbà tí oòrùn wọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, tí òun náà sì ti fẹ́ wọ̀. Nígbà tí mò ń rọmi sí búùtà, ó ń bọ̀. Nígbà tí a ń fo súwè, orí wa ló wà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

"Mo ṣì í," Mísísì Pẹ́dúrò ló sọ bẹ́ẹ̀, létí gbogbo wa. "Ibi tó ti ń yọ ni mo rò, mi ò ro ibi tá a ti ń rí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tá a ti ń rí i ni mo béèrè." Wọ́n gbé ìwé máàkì lé irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fagi lé mẹ́rin, wọ́n kọ márùn-ún. Tíṣà tó sọ pé òun ṣì í! Mi ò rí irú ẹ̀ rí, bóyá ẹ̀yin rí i nígbà tiyín.

Bàbá Àgbà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ṣọ́ oṣù. Mi ò mọ̀ pé ó ti máa ń wà lókè látàárọ̀. Súbúhánàlláhì." Bí a ṣe ń lọ sílé, mo fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń gbójú sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ yẹn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àlejò ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì kẹta.

Mi ò ní sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Bẹ́ǹṣì ò tó wa, ẹgba pọ̀, ọmọ mélòó ló sì lọ rán báàgì nítorí máàkì kan ṣoṣo. Lónìí, ilé gíga ti gba etí ọ̀sà, bí o bá gun òkè mọ́ṣáláṣí wa, táǹkì omi aládùúgbò lo máa rí. Orí kọ̀ǹpútà lọmọ mi Hàbíbà ti ń ṣe tẹ́ẹ̀sì sáyẹ́ǹsì. Wọ́n á to ìdáhùn mẹ́rin, yóò tẹ ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé èsì rẹ̀ wá hàn mí, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ oṣù tuntun wà nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi láìkọsẹ̀ pé oṣù náà àti oòrùn ló jọ ń yọ láàárọ̀, ohun tó gba odindi kíláàsì wa, tíṣà wa àti ládánì kan nírọ̀lẹ́ méjì kí a tó mọ̀ ọ́n. Orí mi wú. Mo wá bi í bóyá ó ti rí i rí.

"Nínú fídíò, Mọ́mì."

Mo wo ọmọ mi. Márùn-ún péré lèmi gbà, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo ka ọjọ́ oṣù lórí ìka, ó ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n; mo ní kó lọ wọ bàtà.