Níbo ni Marvella ń Gbé?

Kò síbi tí ará Amẹ́ríkà lè sá lọ tí owó-orí ìjọba rẹ̀ kò ní bá a dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa tó wà ní Tangier, ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, fi máa ń péjọ sílé Pruitt ní oṣù karùn-ún, tí a ó kó ìwé owó-orí wa jọ sórí tábìlì kan. Olúkúlùkù á gbé oúnjẹ dání. Pruitt, tó ti fi iṣẹ́ owó-orí jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, á máa la òfin yé wa, á sì máa fi ṣíbí rẹ̀ bẹ àwo gbogbo wa wò.

Marvella Stroud ló máa ń gbé páì wá. Olùkọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kunkun. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń sọ pé àlejò lòun, lọ́dún tó ń bọ̀ lòun ń padà sí Ohio ní Amẹ́ríkà. Kò ra àga, kò ra ife, ti onílé ló ń lò. Bẹ́ẹ̀ ló gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ sí àgbàlá, tó ti ń so. Èdè Lárúbáwá tó sì fi ń bá àwọn ẹlẹ́ja nájà já gaara ju tèmi lọ. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 2016, Corinne ọmọ rẹ̀ lóyún ìbejì ní Ohio, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá bá òun gbé fún bí oṣù mẹ́ta. Òfin ló dí i lọ́wọ́. Nígbà yẹn, ẹni tí kò bá ní adójútòfò ìlera tí ìjọba fọwọ́ sí ń san owó ìtanràn. Wọ́n yọ àwa tí à ń gbé lókè òkun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Marvella gbọ́ ni pé ẹni tó bá lò ju nǹkan bí oṣù kan lọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Owó olùkọ́ kò sì gbé ìtanràn. Nítorí náà, bó bá lọ kí Corinne, oṣù kan kì í pé tí yóò fi máa sunkún wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Tangier.

Lọ́jọ́ ìpéjọ wa lọ́dún náà, ó gbé páì kalẹ̀, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní òun ti sọ fún Corinne pé kò ṣeé ṣe. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba. Pruitt nu ẹnu rẹ̀.

"Marvella, níbo lò ń gbé?"

"Ohio."

A bú sẹ́rìn-ín. Pruitt kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà: ẹni tó bá fi ìlú òkèèrè ṣe ibùgbé ní tòótọ́ láti oṣù kìíní dé ìparí ọdún, tí iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, lè lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ìtanràn kò kàn án.

"Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní àlejò. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ pé ibí lò ń gbé."

Marvella ní sàréè ìyá òun wà ní Ohio, àti pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

"Kò sẹ́ni tó ní o ò ní padà lọ́jọ́ kan. Báyìí ńkọ́?" ni Pruitt bi í.

Lalla Zhor, onílé rẹ̀, wà níbẹ̀, ó gbé kuskusi wá fún wa. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó wo Marvella tìyanutìyanu.

"Nígbà tí ọkọ mi kú, ta ló sùn tì mí? Àná ńkọ́, ta ló bá mi jà nítorí omi àgbàlá? Irú àlejò wo ló ń bá onílé jà nítorí omi?"

Marvella rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Tangier ni mò ń gbé," ló wí. Ó tún un sọ ní Lárúbáwá kí Lalla Zhor lè gbọ́, ìyẹn sì ké igbe ayọ̀ tí wọ́n máa ń ké níbi ìgbéyàwó.

Kí Pruitt tó gé páì, Marvella ti pe Corinne lórí fóònù pé òun ń bọ̀. A gbọ́ tí ọmọ náà ń pariwo ayọ̀, tó ń béèrè iye ìgbà tí ìyá òun máa lò.

"Màá dúró títí àwọn ọmọ á fi máa sùn dáadáa," ni Marvella wí. "Lẹ́yìn náà, màá padà sílé."